Ta Ni Yóò Jẹ́rìí fún Orí Olókun?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi nílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ó di nǹkan sínú àkísà, ó sì gbé e lé orí tábìlì mi bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀. Bíríkìlà ni. Ibi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní ìlú kan létí ọ̀sà ni ó ti rí ohun tí ó gbé wá. Nígbà tí ó tú àkísà náà, mo rí irin kan tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí ẹgbà ọwọ́ tí etí rẹ̀ méjèèjì kò pàdé, tí etí náà sì fẹ̀ jáde bí ẹnu fèrè. Ó ń dán gbinrin. Ó ní òun ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ ní òru ọjọ́ tí òun rí i, títí gbogbo àwọ̀ ewé tí ó bò ó lára fi ṣí kúrò. Kí ó tó jókòó rárá ni ó ti bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta léraléra: "Bàbá, ṣé wúrà ni? Bí kì í bá ṣe wúrà, èló ni wọn yóò rà á? Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń pè é?"

Ti àkọ́kọ́ kò le. Mo sọ fún un pé idẹ ni, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ti èkejì, n kò dáhùn. Ti ẹ̀kẹta ni mo gbìyànjú lé lórí. Mo ní owó àtijọ́ ni, èyí tí àwọn Potogí ń pè ní mànílà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sí etíkun wa ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, tí àwọn òyìnbó mìíràn sì kó tẹ̀lé e. Òun ni wọ́n fi ń ra ata, tí wọ́n fi ń ra eyín erin, tí wọ́n sì fi ń ra ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni èmi náà bi í ní ìbéèrè tèmi. Báwo ni kòtò náà ti jìn tó kí ṣọ́bìrì tó kàn án? Ṣé òun nìkan ni ó wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ owó ẹyọ wà nítòsí rẹ̀, tàbí àpáàdì, tàbí eérú, tàbí egungun? Irú àwọ̀ wo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ní? Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣe àwàdà. Ó ní, "Bàbá, mo ń gbẹ́ ilẹ̀ ni o, n kò kà á."

N kò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, ó sì dùn mí lọ́kàn pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí ọmọ yìí ṣe sí ẹgbà idẹ rẹ̀ ni àwọn tí ó kàwé jù ú lọ, tí wọ́n sì lókìkí jù ú lọ, ti ṣe sí ohun idẹ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Orí Olókun ti Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń wí. Àwòrán rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ dá ibùdó àṣà àti eré sílẹ̀ ní ọdún 1968, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, orí yìí kan náà ti jẹ́ òrìṣà àwọn Gíríìkì, ó ti di ayédèrú, ó sì ti tún padà di ojúlówó. Orí náà kò yí padà. Àwọn tí ń sọ ohun tí ó jẹ́ ni wọ́n ń yí padà, kò sì sí ẹlẹ́rìí tí yóò dá wọn lẹ́kun.

Ní ìparí ọdún 1910 ni Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ará Jámánì ni, ó sì ń rin Áfíríkà kiri láti kó ère, ohun èlò àti ìtàn jọ. Wọ́n júwe igbó kan fún un ní ìhà àríwá ìlú, Igbó Olókun. Kí ó tó dé rárá ni àwọn ènìyàn ti ń wa ilẹ̀ igbó náà. Sẹ̀gi ni wọ́n ń wá, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí ọba àti ìjòyè fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́, tí a máa ń rí nínú ilẹ̀ ibẹ̀ bí ẹni ń hú ẹ̀pà. Kò sí ohun tuntun nínú wíwá ìṣúra nínú ilẹ̀ ní tiwa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa kò mọ Ifẹ̀. Nínú irú ìwalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣáájú dídé Frobenius, ni a ti hú orí idẹ kan jáde. Orí tí ó dé adé ni, adé náà sì ní ìyẹ́ gíga kan ní iwájú. Ojú rẹ̀ tutù, ó pa ẹnu dé, ó ń wò bí ẹni tí kò ní ohun tí yóò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Frobenius sanwó, ó gba orí náà, ó sì tún kó àwọn ère amọ̀ sísun mọ́ ọn. Nígbà tí ariwo ta ní Ifẹ̀, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Charles Partridge, wá gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì mú kí ó dá orí idẹ náà padà. Àwọn ère amọ̀ kan bá a lọ sí Berlin síbẹ̀. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni ó burú jù lójú tèmi, nítorí pé ohun tí a gbé lọ ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá ti sọ ohun kan máa ń ṣòro láti bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ó kọ ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1912, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé òun ti rí àṣẹ́kù Atlantis. Plato, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì ayé àtijọ́, ni ó kọ ìtàn erékùṣù yìí pé ó rì sínú òkun, pé Poseidon ọba omi ni ó ni ín. Frobenius wò ó pé Olókun náà ni ọba omi ní Ifẹ̀. Ó wo orí náà, ó rí i pé ó dára ju ohun tí ó gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú lè ṣe lọ. Ó sì so méjèèjì pọ̀. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Poseidon ni, tí wọ́n tẹ̀dó sí etíkun wa láyé ọjọ́un.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún un. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà tọkàntọkàn, òun sì ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn òyìnbó mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ó ti ní orúkọ tí yóò sọ ọmọ kí ó tó rí ọmọ. Àní orúkọ tí àwa náà ń pè é, ibi tí a ti hú u ni ó fún un. Kò sí ohun kan lára orí náà tí ó sọ pé Olókun ni. Adé rẹ̀ fi í hàn bí ọba. Ọba wo, a kò lè rí i kà ní iwájú orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ hú u ti fi ibi tí ó jókòó sí hàn, bóyá nínú ojúbọ ni, tàbí lórí ibojì, tàbí nínú kòtò tí a sáré gbé e pamọ́ sí nígbà ogun, Atlantis ì bá má ti rí ẹsẹ̀ gbé e dúró.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọjá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, kò jìnnà sí ẹ̀yìn ààfin Ọọ̀ni. Bíríkìlà ni àwọn náà, gẹ́gẹ́ bí àlejò mi. Kò jìn rárá tí ọkọ́ fi kan idẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ní ọdún náà àti ọdún tí ó tẹ̀ lé e, orí tí wọ́n rí lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, púpọ̀ nínú wọn tó orí ènìyàn gan-an, pẹ̀lú ère ọba kan láti orí dé ìbàdí. Àwọn mìíràn ní ilà wẹ́wẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, àwọn mìíràn sì ń dán láìní ilà. Ihò wẹ́wẹ́ tò sí ara wọn yí ẹnu àti àgbọ̀n ká. Àwọn kan ní irun ni a fi há ibẹ̀, àwọn kan ní ìlẹ̀kẹ̀ bí ìbòjú adé. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ọjọ́ yẹn ni Atlantis kú. Orí kan ṣoṣo lè wá láti òkè òkun nínú àpò àjòjì, ṣùgbọ́n orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó jọra, tí ojú wọn sì bá ti àwọn ère amọ̀ tí ó kún inú Ifẹ̀ mu, kò lè wá láti ibì kankan bí kò ṣe Ifẹ̀. Síbẹ̀, kò sí awalẹ̀pìtàn kankan ní ìdí kòtò náà. Ilẹ̀ tí ó bo àwọn orí náà lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà bí yẹ̀pẹ̀ lásán. Ìròyìn sì tàn kálẹ̀ ju bí ìṣọ́ ti tó lọ. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa Ifẹ̀ nígbà náà, ra orí méjì, ó kó wọn lọ. Ọdún 1950 ni wọ́n tó padà. Olóòtú ìwé ìròyìn kan gba ọ̀kan, ó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ti British Museum ní ọdún 1939. Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni ó dúró ti àwọn ìyókù. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin tí kò jẹ́ kí a kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí mọ́.

Nígbà tí a gbé Orí Olókun kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tuntun wọ̀nyí, ohun tí ènìyàn lè retí ni pé wọn yóò jẹ́rìí sí i. Ìdàkejì ni ó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1948 a gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ògbógi méjì, William Fagg àti agbẹ́gilére Leon Underwood, yẹ̀ ẹ́ wò, ní ọdún 1949 wọ́n sì kéde pé àwòkọ ni, pé kì í ṣe èyí tí àwọn àgbà dà. Kí ohun tí wọ́n sọ tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń da idẹ.

Ọ̀nà àtijọ́ ni ti ìda oyin. Alágbẹ̀dẹ idẹ yóò fi amọ̀ mọ inú orí náà, yóò fi ìda bò ó ní ìwọ̀n nínípọn tí ó fẹ́ kí idẹ ní, yóò fín ojú, imú àti ilà sí ara ìda náà, lẹ́yìn èyí yóò tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Bí iná bá ti rà á, ìda yóò yọ́, yóò sì ṣàn jáde, idẹ gbígbóná ni yóò sì gba ipò rẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù, a óò fọ́ amọ̀ òde. Nítorí náà orí kọ̀ọ̀kan kò ní èkejì; ẹni tí ó bá fẹ́ òmíràn gbọ́dọ̀ tún ìda mọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti yanrìn, tí ó wọ́pọ̀ ní ilé ìyọ́rin àwọn òyìnbó. Wọn yóò ki ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́ inú yanrìn tí a kì sínú àpótí, wọn yóò yọ ọ́ kúrò, wọn yóò sì da irin sí ojú ihò tí ó fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe àwòkọ ni ọ̀nà yìí rọ̀ lọ́rùn. Àwọn ògbógi náà ní àwọn àmì tí wọ́n rí lára orí náà jẹ́ ti yanrìn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣe ayédèrú fún Ifẹ̀, ó sì gbé ojúlówó sá lọ. Àwọn ènìyàn wo ọ̀nà Jámánì, wọ́n sì fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún ni ìdájọ́ yìí fi wà lórí rẹ̀. Mo ṣì rántí ìgbà tí èmi náà máa ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn pẹ̀lú ìdánilójú, pé èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe òun. Mo kà á nínú ìwé, mo sì gbà á gbọ́. N kò bi ara mi pé ta ni ó rí ibi tí a ti hú u.

Láàárín àkókò yìí, ilẹ̀ Ifẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ní ibòmíràn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó kan àwọn ohun idẹ mìíràn: ère Ọọ̀ni kan lódindi, ère ọkùnrin àti obìnrin kan tí wọ́n fi apá kọ́ apá tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀, àti àwọn ohun èlò orò. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, a dá iṣẹ́ dúró. Bernard Fagg àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wá wa ibẹ̀, Frank Willett sì tẹ̀síwájú nínú rẹ̀ títí di ọdún 1963. Àwọn yìí kò fi ọkọ́ wá idẹ nìkan. Wọ́n ṣa èédú, wọ́n ka àpáàdì, wọ́n wọn bí ilẹ̀ ti dùbúlẹ̀ lé orí ara wọn, wọ́n kíyè sí àwọn ibi tí a fi àpáàdì tẹ́ bí ẹni tẹ́ ẹní. Èédú ni ó sọ ọjọ́ orí ibẹ̀ nígbà tí a gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ orí náà sì bọ́ sí àárín ọ̀rúndún kejìlá àti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní àwọn ọdún 1970, a tún bi amọ̀ tí ó ṣẹ́kù sínú àwọn ère idẹ kan léèrè. Amọ̀ tí iná bá ti sun máa ń kó agbára pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, bí a bá sì tún fi iná sí i, yóò tú u sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bíńtín tí a lè wọ̀n. Ẹ̀rí amọ̀ kò tako ẹ̀rí èédú.

Ẹ wo bí ó ti rí. Idẹ tí ó ń dán kò lè sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Èédú àti amọ̀ tí bíríkìlà ń dànù ni wọ́n sọ ọ́ fún un.

Igbó-Ukwu ní ilẹ̀ Ìgbò tún fi èyí hàn kedere ju Ifẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún yẹn náà, ní òpin àwọn ọdún 1930, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nígbà tí ó kan àwọn ohun idẹ tí iṣẹ́ ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ahunṣọ. Ó fún àwọn aládùúgbò nínú wọn, àwọn kan rò pé wọn yóò wúlò fún oògùn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan sì ra púpọ̀ nínú ìyókù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ agbo ilé náà ni ọkọ́ dé. Nígbà tí Thurstan Shaw wá wa ibẹ̀ ní ọdún 1959, ó rí èyí tí ó kù bí àwọn àgbà ti tò ó kalẹ̀. Ní ilẹ̀ arákùnrin Isaiah tí a ń pè ní Richard, ó rí ibojì ènìyàn pàtàkì kan, ìlẹ̀kẹ̀ lára rẹ̀, eyín erin ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá tí ó jẹ́ pé bí ó bá dá wà lórí tábìlì, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ohun tí a ì bá pè é, di ọ̀pá àṣẹ nígbà tí a rí i pẹ̀lú olúwa rẹ̀. Ọjọ́ orí ibẹ̀ sì já sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, èyí tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kọ̀ láti gbà nígbà náà, nítorí wọn kò rí ibi tí bàbà yóò ti wá ní irú ayé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tí a rí lẹ́yìn náà lára òjé inú irin náà tọ́ka sí ilẹ̀ Abakaliki, tí kò jìnnà sí ibẹ̀.

Ti Ifẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí a ti ń wa bàbà ní ilẹ̀ Yorùbá. Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ orúkọ irin náà, tí mo fẹ́ràn láti máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti rí àwọn orí wọ̀nyí ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní búróǹsì. Búróǹsì jẹ́ àdàlú bàbà àti tánńganran. Nígbà tí a yẹ àwọn orí Ifẹ̀ wò, a rí i pé àdàlú bàbà àti síǹkì ni púpọ̀ jù nínú wọn, èyí tí í ṣe idẹ gan-an, àti pé àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà gidi láìlú ohun kankan. Bàbà ni a fi da ìbòjú tí ìtàn so mọ́ Ọbalùfọ̀n, tí ó wà ní ààfin láìwọ ilẹ̀ rárá, dídà bàbà lásán sì le ju ti idẹ lọ. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé, tí ó pè é ní idẹ, ni ó sún mọ́ òótọ́ jù.

Ibo ni idẹ náà ti wá? Ohun kan wà ní aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó dà bí ìdáhùn, òun náà sì jẹ́ ìṣúra tí a kàn rí. Théodore Monod, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú aṣálẹ̀, rí ẹrù kan nínú yanrìn ní Maden Ijafen ní ilẹ̀ Mòrìtáníà ní ọdún 1964. Ọ̀pá idẹ tí ó tó nǹkan bí 2,000 ni, àti owó ẹyọ, tí àwọn oníṣòwò onírákunmí rì mọ́lẹ̀ tí wọn kò sì padà wá gbà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin sí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Gúúsù ni wọ́n dorí kọ. Monod kò hú wọn bí ìgbà tí ènìyàn ń hú iṣu. Ó ya àwòrán bí wọ́n ti dùbúlẹ̀, ó mú àpò àti okùn tí a fi dì wọ́n, okùn náà ni ó sì sọ ọjọ́ orí wọn. Bí idẹ ti ń kọjá aṣálẹ̀ bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa kí ọkọ̀ Potogí tó dé nìyẹn.

Nígbà tí ìpàtẹ ńlá kan nípa Ifẹ̀ wáyé ní British Museum ní ọdún 2010, a gbé Orí Olókun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí Paul Craddock jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi ẹ̀rọ tí kò sí ní ọdún 1948 wo inú àti òde rẹ̀. Èsì wọn jáde ní ọdún 2013. Wọ́n ní ọ̀nà ìda ni a fi dà á, pé kì í ṣe ti yanrìn. Wọ́n ní àdàlú irin inú rẹ̀ bá iṣẹ́ Ifẹ̀ àtijọ́ mu. Wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kí orí tí a ti ń pè ní ayédèrú láti ọjọ́ yìí jẹ́ òun gan-an. Kò sí pé ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀. Frobenius tí a ti fi sùn ní àìmọye ìgbà gba ìdáláre lórí ọ̀ràn kan yìí, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gọ́rin tí ó ti kú.

Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, ojú sì tì mí díẹ̀ nítorí àwọn tí mo ti ṣì lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìdùnnú náà ní òdiwọ̀n. A mọ ohun tí a fi dà á àti bí a ti dà á. Ọba tí ó jẹ́, ìdí tí ó fi wà ní Igbó Olókun nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Wúnmọníjẹ̀, àwọn ohun tí ó yí i ká, gbogbo èyí ti bá yẹ̀pẹ̀ tí a kó lé e lórí lọ. Ẹ̀rọ kankan kò lè bi yẹ̀pẹ̀ tí kò sí mọ́ léèrè.

Igbó Olókun tìkara rẹ̀ ṣì ní ohun tí ó fi pamọ́. Láti ọdún 2011 ni awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ wa kan, Babatunde Babalola, ti wa apá kan níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13,000, púpọ̀ nínú wọn kéré bí ẹyin kòkòrò. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ni ó jọ mí lójú jù. Ó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì, tí gíláàsì ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn. Nígbà tí a sì yẹ gíláàsì náà wò, a rí i pé kì í ṣe èyí tí a gbé wá láti ìlú Lárúbáwá tàbí láti Yúróòpù kí a tó tún un yọ́. Láti inú yanrìn àti òkúta ilẹ̀ wa ni a ti ṣe é ní Ifẹ̀, kí òyìnbó kankan tó tẹ etíkun wa. Frobenius náà rí irú àwọn àfọ́kù yìí ní ọdún 1910. Àwọn tí ń wá sẹ̀gi rí wọn ṣáájú rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ ta wọ́n nù nítorí pé wọn kò ṣeé so mọ́ ọrùn. Ìran lẹ́yìn ìran wa igbó náà títí, wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ lọ tà, ohun tí wọ́n dà sẹ́yìn ni ó fi hàn pé àwọn baba wọn ni ó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà.

Mo gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àlejò mi. Bí ó ti lọ tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ẹgbà rẹ̀ tilẹ̀ lè wúlò ju bí mo ti sọ fún un lọ. Ní ọdún 2023 ni àwọn onímọ̀ ará Jámánì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn mànílà tí a rí nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó rì àti ní orí ilẹ̀. Òjé tí ó wà nínú irin náà fi hàn pé láti etí odò Rhine ní Jámánì ni idẹ àwọn mànílà tí Potogí kọ́kọ́ kó wá ti wá, pé idẹ kan náà sì ni àwọn alágbẹ̀dẹ Bìní yọ́ fi ṣe àwọn iṣẹ́ wọn tí ó lókìkí. Èyí tí ó dé lẹ́yìn, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba òwò náà, yàtọ̀. Lílo irú owó yìí tilẹ̀ pẹ́ nílẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọdún 1948 sí 1949 ni ìjọba tó rà á kúrò lọ́jà, èyí tí wọ́n sì kó jọ lé ní 30 mílíọ̀nù. Nítorí náà, ẹgbà kan ṣoṣo lè jẹ́ ọmọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, ó sì lè jẹ́ owó tí ìyá ìyá ẹnì kan rì sí abẹ́ ibùsùn lánàá. Ìrísí rẹ̀ yóò ran ni lọ́wọ́ díẹ̀. Ohun tí yóò pinnu rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n jọ sùn nínú ilẹ̀.

Mo tún rántí pé n kò sọ fún un pé òfin wà. Láti ọdún 1979 ni òfin ilẹ̀ wa ti sọ pé ẹni tí ó bá kan ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ kò gbọdọ̀ fi pamọ́, kò sì gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí ó bá wù ú. Àjọ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni kí ó mú un tọ̀ lọ. Ẹ̀bi tèmi ni ìyẹn. Mo fi ìbéèrè dá a lágara, n kò fi ọ̀nà hàn án.

Ọjọ́ kẹta ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú náà. Mo bá a lórí iṣẹ́. Ó kí mi dáadáa, ó sì sọ fún mi láìfi ohunkóhun pamọ́ pé òun ti ta ẹgbà náà fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, pé wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ẹnu ẹ̀rọ omi tí ó ti bàjẹ́. Ó mú mi lọ síbi tí ó ti rí i. Wọ́n ti da kọnkéré sí i, ó ti gbẹ, ọmọdé kan ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbẹ. Mo béèrè ibi tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí. Ó tọ́ka sí òkìtì kan lẹ́bàá gọ́tà. Mo fi ọ̀pá mi tú u díẹ̀, mo sì rí àpáàdì kan tí a fín ní ọwọ́ àti owó ẹyọ méjì. Kò sí bí mo ti ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n bá ẹgbà náà sùn tàbí wọn kò bá a sùn. Mo ya bébà kékeré kan, mo kọ orúkọ ìlú àti òpópónà náà àti ọjọ́ sí i, mo fi wé wọn, mo sì kó wọn sí àpò.